Níwájú Ilé Epo

Fíìmù mi ku ẹyọ mẹ́rin péré láàárọ̀ Ọjọ́rú náà.
Mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ti Gldani bọ̀,
Tibilísì ń gbọn òru dànù lára.
Òtútù ti sọ gíláàsì fèrèsé di funfun;
ọmọdé kan fi ìka ya ológbò sí i.

Mi ò wá ya ṣọ́ọ̀ṣì.
Ṣọ́ọ̀ṣì kì í sá, ó ti dúró láti ayébáyé,
àwọn àlejò ti ya á títí ó fi rẹ ògiri rẹ̀.
Ọwọ́ ni mò ń wá,
ọwọ́ tó ń gòkè láìdágbére fún iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bí a ti gun orí afárá báyìí,
tí òrùlé ṣóńṣó yẹn yọjú láàárín àwọn ilé alájà mẹ́sàn-án,
ẹnì kan ò pàṣẹ, agogo kan ò dún,
gbogbo ọwọ́ inú ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà:
iwájú orí, ikùn, èjìká ọ̀tún, èjìká òsì,
lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá, bí ẹni ń lé eṣinṣin,
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò àyà.
Badri awakọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ kan di ìtọ́kọ̀ mú.
Gocha, tó ń bá àna rẹ̀ jà lórí fóònù,
gbé fóònù kúrò létí, ó ṣàmì àgbélébùú,
ó dá a padà sétí: "Ìwọ olè yìí!"
Èébú náà kò já. Àdúrà náà kò já.
Mo tẹ kámẹ́rà. Ẹyọ kan lọ.

Obìnrin kan gbé ikàn àti búrẹ́dì gígùn lé itan,
búrẹ́dì ṣì ń rú èéfín nínú ìwé ìròyìn;
ọwọ́ kan ṣoṣo ló ráyè,
ó fi ṣe é, ikàn sì yí bọ́ sílẹ̀,
a jọ ń wá a lábẹ́ àga bí ẹni ń wá ẹ̀ṣẹ̀.
Ẹyọ kejì nìyẹn. Mo mọ̀ pé yóò ṣókùnkùn.

Ìyá àgbà Nazibrola jókòó sẹ́yìn awakọ̀.
Àwọn yòókù ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ti padà sáyé,
nígbà tí a dé ibi tí títì ti ṣẹ́rí sósì.
Ilé epo ló wà níbẹ̀, iná pupa, iná yẹ́lò,
ajá kan sùn síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà.
Ọwọ́ rẹ̀ gòkè.
Òun nìkan.
Ó tẹrí ba fún ẹ̀rọ tó ń ka lítà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní: "Màmá, ṣé epo ti wọ́n tó báyìí?"
Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.
Ìyá ní: "Kíláàsì kejì ni mo wà nígbà tí wọ́n wó o.
Ọjọ́ méjì ni eruku rẹ̀ fi wà nínú ọbẹ̀ wa.
Ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀, ṣé a ò ní kí i mọ́?"

Badri yí rédíò sílẹ̀.
Mo gbé kámẹ́rà, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e.
Ìyá wò mí, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe:
"Ṣé kí n tún un ṣe fún ọ ni?"
Mo ní rárá. Ojú tì mí.
Mo kọ kámẹ́rà sí fèrèsé,
mo ya ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ níbùdókọ̀ kejì, mo fẹsẹ̀ rìn padà.
Ajá yẹn ló jẹ ẹyọ kẹrin. Kò tilẹ̀ jí.

Lálẹ́, nínú yàrá iná pupa,
ẹyọ kẹta yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ omi:
ológbò tí ọmọ náà fi ìka yà,
ilé epo kékeré nínú ikùn rẹ̀,
àti ní etí àwòrán, níbi tí mi ò wò,
ọwọ́ Gocha ti dé iwájú orí,
fóònù ṣì wà nínú rẹ̀,
àna rẹ̀ ṣì ń dúró de èébú.